Kàkó àti ọ̀rẹ́ tí mo fi sílẹ̀

Ọjọ́rú. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, iná ò sí, fóònù mi ti kú kó tó di aago mẹ́wàá, omi sì ti gba gbogbo àdúgbò débi pé mi ò lè jáde lọ síbi iṣẹ́. Bí mo ṣe lọ tú àpótí ìwé bàámi nìyẹn, tí mo bá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé ìtàn tí D. O. Fágúnwà kọ, nísàlẹ̀ pátápátá, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya dànù, àmọ́ orúkọ bàámi ṣì wà lójú ewé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi bírò pupa kọ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mo sì ń kà á, ebi pa mí mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, 1903 ni wọ́n bí wọn, iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ń ṣe, 1938 ni ìwé yẹn sì jáde. Mo rò ó lónìí pé kí èèyàn jókòó nígbà yẹn, kó máa kọ ìtàn tó gùn tó báyìí ní Yorùbá nígbà tí irú ẹ̀ ò tíì wọ́pọ̀ nílẹ̀ tí yóò máa wò kọ, ìyẹn nìkan gba àyà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá ìtàn dúró láti gba èèyàn níyànjú ni mo máa ń fò, ibi tí ìjà wà ni mò ń wá. Lónìí mi ò fo nǹkan kan.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Òkè Láńgbòdó nínú ìwé náà, ìlú kan tí ọ̀nà ibẹ̀ kún fún ewu. Ọba pe Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, pé kó lọ bá òun mú nǹkan tó ń mú àlàáfíà wá sí ìlú bọ̀ láti ibẹ̀. Ọkùnrin yìí ti wọ Igbó Irúnmalẹ̀ rí o, ó ti rí Agbako, iwin burúkú yẹn, ojú ẹ̀ ti rí màbo, ó mọ̀ pé kì í ṣe eré, síbẹ̀ ó gbà láti lọ. Àmọ́ kò dá lọ. Ó lọ kó àwọn èèyàn jọ: Kàkó tòun ti kùmọ̀ ẹ̀, Ìmọ̀dòye tí ọgbọ́n wà lórí ẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ tí kò sí olórin tó lè bá a dọ́gba, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹyẹ àti ti ẹranko, Ẹ̀fọ̀ìyẹ́ tafàtafà, àti Àràmọ̀ndà-ọkùnrin. Méje ni gbogbo wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé olórin wà láàárín wọn. Ẹni tó ń lọ jagun, tó mú olórin dání, mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kùmọ̀ ò ní ràn án lọ́wọ́.

Kàkó ni mo fẹ́ràn jù nígbà náà. Tá a bá ń ṣeré lẹ́yìnkùlé, èmi ni mo máa ń jẹ́ Kàkó, màá mú ọmọrí odó, mi ò sì ní gbà fún ẹnikẹ́ni. Lónìí mo wá ka ibi tí ètò ìgbéyàwó Kàkó wà nílẹ̀, tí Àkàrà-Ògùn dé, tí Kàkó sì gbà láti tẹ̀ lé e, tí obìnrin tó fẹ́ fẹ́ wá dì mọ́ ọn tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi òun sílẹ̀, tí Kàkó sì pa á. Ó pa á, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo pa ìwé dé. Àṣé mo ti ka ibẹ̀ rí lọ́mọdé, mo kọjá ẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kékeré ni.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan n'Ìbàdàn, àwa méjèèjì la jọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, a jọ gba ṣọ́ọ̀bù, máṣíìnì méjì, tábìlì kan. Ọdún tí iṣẹ́ Èkó yìí yọ fún mi, ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ogójì ọjọ́ ò tíì pé, ó ní kí n ṣáà dúró ti òun kí ogójì yẹn kọjá. Mi ò dúró. Mo sọ fún un pé àǹfààní kì í dúró de èèyàn, mo gbé báàgì mi, gbogbo ẹni tó gbọ́ ń yìn mí pé mo láyà, mo sì gbà á gbọ́ pé ìgboyà ni. Ọdún mẹ́fà rèé.

Mo tún ìwé ṣí. Nígbà tí wọ́n dé Láńgbòdó tán, lẹ́yìn gbogbo ìjà yẹn, ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí ọba ibẹ̀ ṣe fún wọn: ó ní kí wọ́n lọ gbé lọ́dọ̀ Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n kan níbẹ̀, fún ọjọ́ méje kí wọ́n máa gbọ́rọ̀. Àwọn ọdẹ, àwọn alágbára, wọ́n jókòó bí ọmọ iléèwé. Kàkó náà jókòó. Mi ò mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹ̀, àmọ́ mo wò ó títí, mo ń rò ó bóyá ó rántí ìyàwó ẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yẹn. Àlàáfíà tí wọ́n wá dé ibẹ̀, ti gbogbo ìlú ni, kì í ṣe ti ẹnì kan, èmi sì ti ń wá tèmi nìkan láti ọdún mẹ́fà.

Nírọ̀lẹ́, aládùúgbò mi tan jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi fóònù sí iná lọ́dọ̀ ẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀. Ó dún títí, mo fẹ́ pa á, ló bá gbé e.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ta nìyẹn?"

Ó ti pa nọ́ńbà mi rẹ́. Mo dárúkọ ara mi. Ó dákẹ́, mò ń gbọ́ máṣíìnì tó ń lọ lẹ́yìn ẹ̀, mo sì gbọ́ nígbà tó dúró. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ, mi ò rántí ìkankan, mo kàn ń sọ pé má bínú, má bínú sí mi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tìẹ náà?"

Mo ní ó ń rọ̀, láti ìdájí.