Ẹ wo ọwọ́ aláìsàn kẹ́ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ẹ ń ṣe internship nídìí iṣẹ́ ojú àti ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò fẹ́ kọ nǹkan gígùn, àmọ́ ohun tí mò ń rí nínú káàdì àwọn aláìsàn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ti sú mi. Ojú pupa, Apollo, dírọ́ọ̀pù antibiotic, ó parí. Gbogbo ojú tó bá ti pọ́n n'Ìbàdàn, ẹ ti sọ ọ́ di Apollo. Ọdún 1969 táwọn ará Amẹ́ríkà fi Apollo 11 lọ sínú òṣùpá ni àìsàn ojú yẹn bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, tó wá ràn káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibẹ̀ ló ti jẹ́ orúkọ yẹn. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ojú pupa. Nígbà míì, àìsàn oríkèé ló wà nídìí wàhálà ojú, òun ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ojú tó ń ṣomi lè jẹ́ ojú tó gbẹ. Ẹni tó bá ní rheumatoid arthritis (irú làkúrègbé kan, mi ò sọ ti orúnkún dídùn àwọn àgbà o, èyí tí ara ń bá oríkèé ara ẹ̀ jà ni mò ń sọ, tí ìka ọwọ́ méjèèjì á le gbagidi láàárọ̀ kí wọ́n tó rọ̀), ibi tí omijé ti ń wá lè ti bà jẹ́. Á máa ta á bíi pé yẹ̀pẹ̀ wà nínú ẹ̀, ojú á wá máa ṣomi nítorí ìtani yẹn, ẹ̀yin á kọ allergy. Ẹ fi pépà Schirmer tí wọ́n fi ń wọn omijé sí i fún ìṣẹ́jú 5, tí omi ò bá gùn tó mílímítà 5, ó ti gbẹ gan-an nìyẹn. Kẹ́ẹ sì bi í bóyá ó lè jẹ búrẹ́dì láìfi omi tì í, torí ẹnu náà máa ń gbẹ.

Ẹ̀kọ́ kejì: òògùn táwọn tó ní làkúrègbé yìí ń lò. Hydroxychloroquine, ìbátan chloroquine tó máa ń yún wa lára láyé ìgbà ibà yẹn, kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 5 fún kílò kan lójúmọ́, ìyẹn 300 fún ẹni tó wọn kílò 60. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ojú wò láàárín ọdún àkọ́kọ́, tó bá ti lò ó tó ọdún 5 kó máa wá lọ́dọọdún, tí kíndìnrín ò bá dáa ẹ má dúró dìgbà yẹn. Òògùn yìí lè ba rẹ́tínà jẹ́, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tá a fi ń ríran, èyí tó bá sì ti bà jẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Ti prednisolone, òògùn steroid tó lè fa cataract (ojú á ṣú bíi kùrukùru) àti glaucoma (tó ń pa iṣan ìríran), ìyẹn ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ kẹta... Ẹ jẹ́ n sọ ti Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ fún yín.

Internship lèmi náà wà nígbà yẹn, ní ilé ìwòsàn ojú aládàáni kan nígboro níbí, ẹ má bi mí ní orúkọ ẹ̀. Ìyá yìí ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Ojú òsì ẹ̀ pọ́n, àmọ́ kò ṣe ìpin, ìpéǹpéjú ò lẹ̀ mọ́ra láàárọ̀, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò sì kó o. Pupa yẹn jinlẹ̀, ó ń fà sí elésè àlùkò. Wọ́n ní, "Dókítà mi, ó ń gún mi wọ agbárí, á tún bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, òru gan-an ló máa ń jí mi." Mo ní kí wọ́n dijú, mo rọra fi ìka kan ìpéǹpéjú, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Ìgbà yẹn ni mo wo ọwọ́ wọn. Ìdí ìka wú, gbogbo ìka ti wọ́ sí ọ̀nà ọmọńdinrín. Ike dírọ́ọ̀pù tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì, àmì eyín wà lára ìdérí ẹ̀, torí eyín ni wọ́n fi ń ṣí i, ọmọ-ọmọ wọn ló sì ń bá wọn kán an sójú. Mo kán phenylephrine 2.5%, dírọ́ọ̀pù tó máa ń mú kí pupa tí kò jinlẹ̀ lọ, mo dúró, pupa yẹn ò lọ.

Mo kọ scleritis (kí funfun ojú máa wú látinú) sínú káàdì, mo fi àmì ìbéèrè sí i, mo ní ká fi wọ́n ránṣẹ́ kíákíá. Ọ̀gá wa dé, ó yọjú wò ó fẹ̀ẹ́, ó fi bírò pa ohun tí mo kọ rẹ́ níṣojú ìyá yẹn, ó ní, "Apollo ni jàre, ta ló kọ́ ẹ ní scleritis?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí àgbà nìkan ló gbọ́n. Antibiotic ló kọ, ó tún fi dírọ́ọ̀pù diclofenac lé e nítorí ìrora, bẹ́ẹ̀ irú dírọ́ọ̀pù yẹn lè mú kí cornea (awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ojú) olójú gbígbẹ tó ní làkúrègbé yìí yòrò.

Nígbà tí ìyá padà wá, ẹ̀gbẹ́ cornea ti ń jẹ, ó ti fẹ́lẹ́, wọ́n ń di ara ògiri mú wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é ní Apollo mọ́, UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, ni wọ́n sáré gbé wọn lọ, prednisolone, methotrexate tó ń kápá ara tó ń bá ara ẹ̀ jà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ (ọ̀sẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe ojoojúmọ́), dókítà ojú àti dókítà oríkèé jọ ń wò wọ́n. Ẹyinjú ò bẹ́, àmọ́ ìka tí wọ́n bá nà síwájú ẹ̀ nìkan ló lè kà. Ẹ̀mí wọn gan-an la rí gbà, torí nígbà tí funfun ojú àti cornea bá ń jẹ báyìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ níbòmíì nínú ara lè ti ń wú, tó fi dórí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Tí kò bá sì dun aláìsàn, ẹ má yọ̀: irú kan wà tí funfun ojú á kàn máa fẹ́lẹ́ tí á máa dà bí aró, ìrora ò ní sí rárá, àwọn ìyá àgbà tí làkúrègbé yìí ti bá wọn gbé tipẹ́ ló máa ń ṣe.

Ohun tó ṣì ń ká mi lára ni pé ọ̀gá yìí kan náà gbé fọ́tò ojú ìyá yẹn lọ sípàdé, ó ní òun lòun rí i. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń pàtẹ́wọ́ bíi tàwọn yòókù.

Èmi náà ti wá dọ̀gá báyìí, ẹ fara mọ́ wàhálà mi. Ìbéèrè méjì ni mo tẹ̀ kún káàdì tuntun, òkè gan-an ni wọ́n wà: ṣé oríkèé ń dùn yín láàárọ̀, ṣé ojú ń jí yín lóru? Ẹni tí kò bá kọ ìdáhùn síbẹ̀, kó má gbé káàdì wá fún mi láti fọwọ́ sí.