Ọ̀rọ̀ "oversight" àti ojú méjì tí ó ní

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan tí mò ń kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́ nílé mi ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, mú lẹ́tà kan tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fẹ́ yin ọ̀gá rẹ̀ pé kì í gbójú kúrò lára iṣẹ́, ó sì kọ ọ́ báyìí: "Our manager has many oversights." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó ṣàlàyé fún un pé ohun tí ó kọ ni pé àṣìṣe àìkíyèsí ọ̀gá wọn pọ̀ jọjọ.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mọ́sàn bá ní àwọn fẹ́ ṣe "oversight" lórí iléeṣẹ́ ìjọba, àmójútó ni wọ́n ń sọ, èyí tí abala 128 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fi agbára ìwádìí tì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé kan bá kọ̀wé sí ọ pé orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé "due to an oversight", àforíjì ni ó ń tọrọ.

Àmì tí ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kéré. Àmójútó kò ṣeé kà ní ení, èjì, nítorí náà kì í sábà gba "an" níwájú tàbí "s" lẹ́yìn. "Of" tàbí "over" ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Àṣìṣe ṣeé kà. Èdè Ṣáínà kò ní "an", kì í sì í fi nǹkan kan mọ́ ìdí irú ọ̀rọ̀ yìí láti fi hàn pé ó pọ̀, èyí tí kò ṣàjèjì sí èmi tí ìwé kan àti ìwé mẹ́wàá kò yí padà lẹ́nu mi.

Ní èdè Ṣáínà, àmójútó ni wọ́n ń pè ní 监督, wọ́n sì ń pe àṣìṣe àìkíyèsí ní 疏忽. Akẹ́kọ̀ọ́ mi fi bírò tọ́ka sí 目, ojú, ní ìsàlẹ̀ 督, ó sì tún tọ́ka sí 心, ọkàn, ní ìsàlẹ̀ 忽. Mo ní ojú ni Yorùbá fi sínú méjèèjì: à ń mójú tó iṣẹ́, a sì ń gbójú fo àṣìṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ gbójú fo nǹkan, tí "oversight" kò sì jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe.

Ó tún un kọ: "Our manager has close oversight of the work." Bí ó ti ń kó ìwé rẹ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé Òkè Olúmọ "overlooks" ìlú; ṣé àpáta náà kò ka ìlú sí ni? Mo ní rárá, ó dúró lókè, ó ń wo ìlú nílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí a fi ìyẹn sí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.