Nígbà tí Bàbá Télọ̀ sọ pé ọkàn òun ti kú

Ẹ̀yin àbúrò mi ní kílíníìkì ọkàn, oṣù tó ń bọ̀ ni n ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 31 nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń wọn BP, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ẹ má ṣe pe ẹni tí kò lo oògùn ní olóríkunkun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń jágbe mọ́ màmá kan: "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Ara mi bù máṣọ. Ohùn tèmi gan-an ni mo gbọ́ yẹn.

Bàbá Télọ̀, aránṣọ kan tí mo tọ́jú, ni mo rántí: ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Ẹsẹ̀ wọn wú, ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń gbórí lé kí wọ́n tó lè mí lóru. Lasix, oògùn tó ń mú kí èèyàn tọ omi ara dànù, kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́, ìtọ̀ ṣáá ni. Wọ́n bá ta ẹ̀rọ náà. Èmi ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ sinmi."

Ìgbà tí wọ́n padà wá, omi ti fi kílò 6 kún ìwọ̀n wọn. Mo yẹ káàdì oògùn wọn wò: bí a ṣe fún wọn ló ṣe wà. Mo bá wọn wí níwájú gbogbo èèyàn tó wà lórí bẹ́ńṣì. Bàtà wọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n wá rọra sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ọkàn mi ti kú." Mo gbọ́ àyà wọn, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Kò kú o, Bàbá. Ó ń lù kìkìkì." Gbogbo bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo mọ ọkàn tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyàwó wọn nìkan ló wá. Ó kó oògùn náà sínú ọ̀rá dúdú, ó ní ká fún ẹni tí kò rówó rà á. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti ta ẹ̀rọ yẹn ni wọn kò ti jáde mọ́, àmàlà á tutù síwájú wọn.

Ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì wọ́n. Láti 1993 ni àwọn olùwádìí ní Montreal ti kọ ọ́ pé, nínú àwọn tí ìkọlù ọkàn ṣe, àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ń kú ju àwọn yòókù lọ láàárín oṣù 6. Àárẹ̀, àìsùn, àìjẹun: àìsàn ọkàn ń fà á, ìrẹ̀wẹ̀sì ń fà á, la fi ń fojú fò ó. Ẹlòmíì, ìpayà ni tirẹ̀: kò ní fẹ́ sùn, torí ó rò pé òun ò ní jí.

Nígbà tí mo ní ká máa bi àwọn aláìsàn léèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì, ọ̀gá kan dá mi lóhùn pé ilé wèrè kọ́ la wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ìbéèrè méjì péré ni: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ṣé nǹkan ò wù yín ṣe mọ́? Ṣé inú yín ń bàjẹ́, tí ẹ ò nírètí? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lo PHQ-9, ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì. Bí máàkì rẹ̀ bá tó 10, ẹ pe dókítà. Bó bá dárúkọ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ bi í bóyá ó ń ra amitriptyline ní kẹ́mísì láti fi sùn, torí ó lè da ìlù ọkàn rú.

Màmá ọjọ́sí ń padà bọ̀ lọ́jọ́rú. Mo ti gbé àga méjì sí yàrá ẹ̀yìn. Kí ẹni tó jágbe mọ́ wọn jókòó tì wọ́n níbẹ̀.