Ẹ má gbin igi sídìí kùkùté, ohun tójú mi rí rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gé igi nínú kọ́ḿpáǹdì, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó pe oníṣẹ́ ayùn. Máńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn, ó dàgbà jù mí lọ, ìgbà tí ẹ̀ka ẹ̀ ń ya lu páànù la ní kí wọ́n gé e. Wọ́n kó igi lọ, kùkùté kù, ojú ń kán èmi náà, mo po lẹ́búlẹ́bú tí ayùn gé mọ́ iyẹ̀pẹ̀, mo gbin ọsàn méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Kò pẹ́ tí ewé wọn fi pọ́n bí ìyeyè. Mo da fatiláísà sí i títí, pàbó. Lọ́dún kejì ọ̀kan kú, mo fà á, ó tu wọ́ọ́rọ́wọ́, gbòǹgbò ti jẹrà, nǹkan funfun bí òwú wà lábẹ́ èèpo ẹ̀, ó ń rùn bí olú.

Bàbá kan tó ti ń ṣoko kòkó tipẹ́ l'Óńdó ló wò ó tí wọ́n ní, "Òkè lo gé, o ò gé ìsàlẹ̀." Gbòǹgbò tó kù sílẹ̀ yẹn ni olú burúkú ń jẹ, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbòǹgbò igi tuntun bá ti kàn án, ó ràn án nìyẹn. Lẹ́búlẹ́bú tí mo pò mọ́lẹ̀ náà dá kún un, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ máa ń fa náítírójìn ilẹ̀, oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, sára tiwọn. Wọ́n ní àwọn olóko tíì ní Malawi máa ń bó èèpo igi yípo nídìí kó gbẹ lóòró kí wọ́n tó gé e, kí oúnjẹ inú gbòǹgbò ti tán (tiwa ò lè ṣe é ṣá, páànù ńkọ́?).

Mo háyà lébìrà, a hú kùkùté, a ṣa gbòǹgbò tọ́wọ́ bà. Ẹnìkan ní ká da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i ká sun ún, ẹ má dán an wò, ilẹ̀ yẹn á bàjẹ́, iná ò sì ní dé ìsàlẹ̀. Mo gbin ẹ̀wà síbẹ̀ fọ́dún kan, mo wá gbé ọsàn tuntun jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 15, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni mo fi sí i, mi ò jẹ́ kó kan ìdí igi, tútù ẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò.

Gbòǹgbò abẹ́ fẹ́ńsì ni mi ò rí hú, bó ṣe ń jẹrà ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń jìn, tójò bá ti rọ̀ màá tún lọ fi iyẹ̀pẹ̀ dí i.