Sọ́fútíwíà wo ló yẹ kí ẹ fi kọ DVD onípele méjì?

Fídíò ìgbéyàwó wákàtí méjì á wọnú DVD lásán, àmọ́ ẹ wo ojú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá wọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti ń náwó fún alága ìdúró, tí gbogbo èèyàn ń jó, tí léèsì ń dán, ibẹ̀ gan-an ni àwòrán á ti máa fọ́ wẹ́wẹ́. Ìdí ni pé 4.7 GB pín sí wákàtí méjì, megabit 5 àti díẹ̀ péré ló kan ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán àti ohùn pọ̀. Onípele méjì gba 8.5 GB, ìyẹn bíi megabit 9.5. Òfin DVD fúnra rẹ̀ kò gbà ju 10.08 lọ fún gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé.

Tí Windows bá ní àwo náà kò ju 7.96 GB lọ, ẹ má bá ọlọ́jà jà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń fi ẹgbẹ̀rún kà, Windows ń fi 1,024 kà. Báìtì 8,547,991,552 ni méjèèjì ń wí.

Ó wá ku sọ́fútíwíà. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, ojú rẹ̀ ló dáa. Ohun tí ẹ máa bi í kò ju mẹ́ta lọ. Ṣé ó máa jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi yan layer break, ìyẹn ibi tí ìpele kan ti parí tí ìkejì bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó lè yí booktype padà, ìyẹn àmì tó ń sọ irú àwo tó jẹ́ fún DVD player? Ṣé ó máa ka àwo náà padà lẹ́yìn tó bá kọ ọ́ tán, kó fi wé fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà? Lórí Windows, ImgBurn dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀dà tó jáde kẹ́yìn, 2.5.8.0, ti wà láti 2013, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 10 àti 11. Ẹ sáà ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń gbé e wọ kọ̀ǹpútà: àwọn ètò mìíràn tí ẹ kò bẹ̀ máa ń fẹ́ bá a wọlé, nítorí náà ẹ ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ Next. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò àti fáìlì iṣẹ́ lásán ni ẹ fẹ́ tọ́jú, CDBurnerXP tó, K3b náà sì tó fún àwọn tó ń lo Linux. Ẹ kàn rí i pé UDF, ìyẹn ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí àwo, ni ẹ yàn tí fáìlì kan bá ju 4 GB lọ.

Layer break ni wàhálà fídíò. Ibẹ̀ ni ìpele kìíní ti parí, tí iná tó ń ka àwo á fo bọ́ sí ìkejì. Kò lè ṣubú síbi tó bá wù ú. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ cell (ègé kékeré nínú fídíò; ibi tí chapter bá ti bẹ̀rẹ̀ ni cell tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀), ìpele kìíní kò gbọdọ̀ kéré sí ìkejì, kò sì lè ju 4.27 GB lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí fídíò yín bá jẹ́ 8.4 GB, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 4.2, nítorí náà àlàfo tó kù kò ju 74 MB lọ. Nínú fídíò wákàtí méjì, ìṣẹ́jú kan péré nìyẹn! Tí kò bá sí chapter kankan láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ImgBurn kò ní rí ibi tó máa fi í sí. Ẹ dín fídíò kù sí 8 GB, àlàfo náà á di bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ kún àwo dé ẹnu. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe menu, ẹ fi chapter sí àárín fídíò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, pàápàá síbi tí àwòrán ti ń yí padà, bíi ìgbà tí wọ́n kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí gbọ̀ngán.

Fódà VIDEO_TS, èyí tí fídíò DVD yín wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ gbé fún ImgBurn ní Build mode, kì í ṣe ISO (fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo ohun inú àwo pọ̀) tí sọ́fútíwíà mìíràn ti dì. Nínú Build, ó lè sún fáìlì díẹ̀ kí cell náà lè bọ́ sójú ẹ̀ tó tọ́, á sì to àwọn ibi tó ṣeé ṣe sílẹ̀ kí ẹ mú ọ̀kan. Fáìlì inú ISO tó ti dì kò ṣeé sún síbòmíràn mọ́.

DVD+R DL ni kí ẹ rà (DL ni àmì onípele méjì), ẹ fi DVD-R DL sílẹ̀. Ti alámì ròpọ̀ ni ẹ lè yí booktype rẹ̀ sí DVD-ROM, tí dráìfù yín bá gbà á, kí àwọn DVD player àtijọ́ lè gbà á. Ní Queen Cinema tàbí Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, ẹ má fi páálí nìkan pinnu: ẹ ra ẹyọ kan, ẹ fi í sínú dráìfù, kí ẹ wo orúkọ tí ImgBurn gbé jáde lápá ọ̀tún. Verbatim gidi sábà máa ń ní MKM níbẹ̀.

Tó bá kan bí ìkọ̀wé ṣe ń yára sí, 4x tó. Àwo tó kún á gba bí ìṣẹ́jú 26, ní 2.4x, bíi 43. Láàárín ìyẹn, tí wọ́n bá mú iná lọ, àwo yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí RW onípele méjì lọ́jà tí ẹ lè nù kí ẹ tún kọ. Laptop tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, tàbí UPS, kì í ṣe “màá tan jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá mú un.” Tó bá ń kú ní ìdajì nígbà gbogbo, ẹ fura sí àwo tí kò dáa tàbí dráìfù USB tí iná kò tó o, ẹ yọ ọ́ kúrò lára hub, kí ẹ fi í sára kọ̀ǹpútà tààrà. Eruku ọyẹ́ lójú lens náà máa ń fà á.

Tó bá jẹ́ àwo àtijọ́ ni ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, Read mode á sọ ọ́ di ISO. Ẹ má kó o sórí fláàṣì FAT32, nítorí FAT32 kò gba fáìlì tó tó 4 GB. ExFAT tàbí NTFS ni. Fíìmù tí olówó rẹ̀ ti tì pa, ImgBurn kò ní bá yín ṣí i.

Lẹ́yìn Verify, ìyẹn kíka àwo náà padà, ẹ gbé àwo náà sínú DVD player tó wà ní pálọ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kí ẹ sáré lọ sí ibi layer break. Tó bá dúró bí ẹni fẹ́ sín, tó sì ń lọ, kò burú. Tó bá dì pa, chapter mìíràn ni kí ẹ yàn. Tí kò bá tilẹ̀ mọ̀ pé àwo wọlé, booktype ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.