Tí ojú fóònù yín bá fọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gba àjọ, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èyí ṣẹlẹ̀ sí mi, ó ṣì ń dùn mí.

Èèyàn 67 ló ń dá àjọ lọ́dọ̀ mi ní Odò-Ògbè àti Sábó, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ tí oṣù parí ni, ọ̀la ni mo fẹ́ san owó wọn. Láti ìgbà tí òjò ti ba ìwé ńlá mi jẹ́, inú fóònù ni mò ń kọ ọ́ sí, mo sì ń ya fọ́tò káàdì wọn. Káàdì wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọjà ṣe rí: ti ẹlòmíràn ti sọnù, epo ti bo ti ẹlòmíràn. Tí mo bá ní kí kálukú mú káàdì wá kí n tó sanwó, wọ́n á ní mo ti jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Lágere, fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìgbà tí wọ́n da yíǹkì sí i, ṣùgbọ́n òkè ṣì ń hàn, ìka mi sì ń ṣí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìka mi ṣì ń ṣí i.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe tí mo kọ́kọ́ gbé e fún kò bi mí ní nǹkan kan. Ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, fóònù kú, ó tún un tàn. Nígbà tó tàn, kò gba ìka mọ́, PIN ló ń béèrè. Bí Android ṣe ń ṣe nìyẹn: tí wọ́n bá ti pa á tí wọ́n tún un tàn, àfi kí ẹ tẹ PIN kí ìka tó lè ṣiṣẹ́. Ibi tí èèyàn ti ń tẹ PIN gan-an ló dúdú yìí! Fóònù wá ń tẹ ara rẹ̀, ó ń tẹ nọ́ńbà tí kì í ṣe tèmi, ó ní kí n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Láti Android 6 ti ọdún 2015, iná nìkan ni fóònù ń gbà lára kọ̀ǹpútà títí ẹ ó fi yàn lójú fóònù fúnra rẹ̀ pé kó gbé fáìlì jáde. Ó wá ní kí òun flash rẹ̀, ìyẹn ni pé kó tún ètò inú rẹ̀ gbé sí i lákọ̀tun. Mo ní nǹkan inú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Mọ́mì, ìyẹn á lọ o."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni fóònù dún. Orúkọ kò hàn, torí inú rẹ̀ ṣì wà ní títì, nọ́ńbà nìkan ló hàn. Mo mọ nọ́ńbà náà. Ìyá aláta ni, owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ló ń retí. Mi ò lè gbé e. Ó dún títí ó fi dákẹ́, omi sì bọ́ lójú mi ní gbangba Lágere. Orí mi kì í ṣe ti alájọ Ṣómólú, mi ò lè rántí èèyàn 67.

Ọmọkùnrin kan ní Mayfair ló yọ mí. Ó fi OTG, ohun kékeré tí wọ́n fi ń so kíbọ́ọ̀dù tàbí máòsì mọ́ fóònù, so kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ tẹ PIN yín, kẹ́ ẹ tẹ Enter." Ó ṣí. Ó fi máòsì rọ́pò kíbọ́ọ̀dù, ó yí fóònù sí ìbú kí ohun tó wà nísàlẹ̀ lè bọ́ síbi tó ń hàn, a fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp ọmọ mi. Mo sanwó lọ́jọ́ kejì.

Nítorí náà, ẹ má pa á. Tí iná rẹ̀ bá fẹ́ tán, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́. (Tó bá jẹ́ omi ló wọ̀ ọ́, ìyẹn yàtọ̀, ẹ pa á kíákíá.) Ẹ ra OTG sílé. Pípààrọ̀ ojú fóònù kì í pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, flash ló ń pa á rẹ́. Tí ìka bá ṣì ń ṣí i, ẹ kó nǹkan yín jáde kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì pa á.

Àwọn kan ti ní mi ò bá ti fi í sí Google Drive, ibi ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dátà tí mò ń rà kò tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mo ti ń ṣe é báyìí, mo sì ti ra ìwé ńlá mìíràn, mo fi ọ̀rá dì í.

Mi ò bá ẹni àkọ́kọ́ yẹn jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó bi mí bóyá ìka ṣì ń ṣí i, kó tó tẹ bọ́tìnnì yẹn.