Ẹ̀sìn Wo Lẹ Ń Ṣe Gan-an? Àyẹ̀wò Ọdún láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọyẹ́ ti mú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ètè ti ń là, àwọn ọmọ ìlú sì ti ń wọlé láti Èkó àti Kánò. Láàárín Kérésìmesì sí àìsùn ọdún tuntun yìí, oníkálukú á ṣírò owó, á ṣírò gbèsè, á ṣírò ilé tí kò tíì kọ́ parí. Ẹ̀sìn nìkan la kì í ṣírò, torí a bá a nílé bí a ṣe bá orúkọ ìdílé. Nínú agboolé kan ṣoṣo nílùú yìí, bàbá lè jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kí àbúrò bàbá jẹ́ Àlàájì, kí ìyá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣì máa bọ òrìṣà rẹ̀. Ẹni tó dàgbà sáàárín wọn lè pé ogójì ọdún láìbi ara rẹ̀ pé èwo gan-an lòun gbà gbọ́.

Àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi ti dé síbí láti 1855, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn sì ti wà láti 1898. Ó wá dà bíi pé ẹni tó bá fi ìjọ náà sílẹ̀ ti fi ìlú sílẹ̀. Ìjọ yìí kan náà ni kì í tẹ ọmọ ọwọ́ bọ omi, torí wọ́n gbà pé ẹnì kan kì í gba ìgbàgbọ́ fún ẹnì kejì. Olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó rì í. Nítorí náà, ẹni tó bá ń yẹ ìgbàgbọ́ ara rẹ̀ wò kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Òfin náà ò dí i lọ́wọ́: abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, àti láti yí i padà. Ẹbí ló le ju òfin lọ. A óò dé ibẹ̀.

Ẹ ra ìwé ẹlẹ́wé ogójì kan. Ẹ fi rúlà fa ìlà méjì sójú ewé kan kí ó di òpó mẹ́ta. Òpó kìíní ni ohun tẹ́ ẹ ṣì máa gbà gbọ́ bí kò bá sí ẹni tó ń wò yín. Òpó kejì, ohun tẹ́ ẹ ṣe lọ́dún yìí. Òpó kẹta, ohun tẹ́ ẹ ṣe nítorí ojú ayé. Òpó kejì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun nìkan ni kò lè purọ́. Ẹ ṣí áàpù bánkì yín, ẹ padà sí oṣù Ṣẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ máa kọ gbogbo owó tó jáde: ìdámẹ́wàá, ọrẹ, sàká, owó àsàlátù, owó ẹbọ, owó aṣọ ọdún ìjọ. Lẹ́yìn náà ẹ ka wákàtí. Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi oníwákàtí mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ wákàtí 156. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, ká fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá sí i, lé ní wákàtí 300 lọ́dún. Ìrọ̀lẹ́ méjì lèyí máa gbà, ẹ má ṣe é tán lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tó sábà máa ń yọjú kì í dùn. Ẹnì kan kọ ọ́ sí òpó kìíní pé Ọlọ́run nìkan lòun gbẹ́kẹ̀ lé; òpó kejì fi hàn pé aríran mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sanwó fún láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀rù ni ẹni yẹn ń sìn, bí ó bá sì yí ẹ̀sìn padà lọ́la, ẹ̀rù náà á bá a dé ibẹ̀. Ẹlòmíì ò ní ọrẹ kankan, àmọ́ ó san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà ti ní orúkọ fún irú ìyẹn tipẹ́: ìwà lẹ̀sìn.

Nígbà náà lẹ tó lè gbé ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ń béèrè lójoojúmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn. Ìsìláàmù ló rọrùn jù láti wọ̀n: ìpele ìrun tí wọ́n ń pè ní rákà, 17 ni ọ̀ranyàn lójúmọ́, 2 ní Àsùbáà, 4 ní Àìlà, 4 ní Alásárì, 3 ní Mọ̀ngàríbì, 4 ní Iṣáì. Àsùbáà ló ń dán ènìyàn wò. Ẹni tí kò lè jí lóṣù Ọ̀pẹ, tí omi àlùwàlá tutù bíi yìnyín, kó má tíì sọ pé ó ti wọ òun lára. Àwọn tó ti ìjọ bọ́ síbẹ̀ tún máa ń ṣi sàká mú fún ìdámẹ́wàá. Ìdámẹ́wàá ń jáde nínú owó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Sàká jẹ́ ìdá kan nínú 40, lórí owó tó tó iye góòlù gíráàmù 85 tó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ ẹni.

Ìṣẹ̀ṣe ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń sáré sí báyìí, ibẹ̀ náà ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Wọ́n rò pé ẹ̀sìn ìlẹ̀kẹ̀ àti fọ́tò ni. Ọ̀sẹ̀ Ifá, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń bọ Ifá, kì í dúró sójú kan, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí: bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló tún kàn, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò bá sàmì sí kàlẹ́ńdà á pàdánù rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí babaláwo fi ń dá Ifá ní ẹ̀là mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, ohun tó mú kí odù jẹ́ 256 nìyẹn, ojú odù 16 àti àmúlù 240. Ẹsẹ Ifá tó wà lábẹ́ wọn ni ẹ̀kọ́ náà, òun náà ló sì ń gba ọdún gbọọrọ. Bí babaláwo bá dá Ifá fún yín, ẹ bi í pé: “Baba, odù wo ló jáde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki ẹsẹ rẹ̀ fún wa.” Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí iye owó ẹbọ bá ṣáájú ẹsẹ Ifá, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Nípa ìjọ, ẹ béèrè ohun kékeré tó ń bí ìjà ńlá. Ìjọ Onísinmi Ọjọ́ Keje ń pa ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú yìí, tí ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí Àbámẹ́ta ní láti mọ̀ kó tó wọlé. Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í gba ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù. Sẹ̀lẹ́ṣíà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í mu ọtí.

Ẹni tí òpó kìíní rẹ̀ kò ní ọlọ́run kankan náà ní ibi tó lè wò. Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956 láìfi í sábẹ́ ẹ̀sìn kankan, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbáralé ara ẹni ló fi kọ́ ọmọ. Epictetus, ẹrú tó di olùkọ́ nígbà ayé ìjọba Róòmù, ní kí ènìyàn ya ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò sí níbẹ̀. Èrò wa lè wà níkàáwọ́ wa. Ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ nípa wa kò sí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ò ní ìjọ tó ń báni pé jọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì tìtorí ìdánìkanwà yẹn padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má ṣe jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan lálẹ́ àìsùn. Ìlù ló ń sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí owó ọdún ti tán, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tọ́ ibì kan ṣoṣo wò. Ẹ yan ọjọ́ tí kò sí àríyá: ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì alẹ́ Ọjọ́rú, Àsùbáà ọjọ́ lásán, ọ̀sẹ̀ Ifá tí wọn ò pa ẹran. Ẹ má fi ju owó ọrẹ kékeré sílẹ̀ kí oṣù kìíní tó pé. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń jíyìn owó, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá ń ṣiyèméjì. Ìbéèrè kẹta ló ń tú àṣírí jù: “Ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbí, báwo ló ṣe ń kúrò?” Ibi tí ojú wọn bá ti le lórí ìbéèrè yẹn, ẹ má wọlé.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ yí padà, ẹ má sọ ọ́ nídìí ìrẹsì Kérésìmesì. Ẹ ti ọ̀dọ̀ àǹtí bàbá tàbí àbúrò ìyá tó ń gbọ́ tiyín gbà á wọlé. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ sọ ohun tí kò ní yí: “Bàbá, mo ṣì máa wálé ọdún, owó oúnjẹ yín ò ní dín.” Ìyókù á tẹ̀ lé e.

Ó ku ewé tó gbẹ̀yìn ìwé náà. Ẹ kọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n sin yín síbẹ̀. Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀: aṣọ funfun mẹ́ta fún ọkùnrin, márùn-ún fún obìnrin, láìsí pósí. Ìdílé onígbàgbọ́ lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún oṣù kan, kí wọ́n máa yan ànkò. Ibi tí kò bá sí ìwé, orí òkú ni ẹbí ti ń jà. Ẹ kọ déètì sí i, ẹ buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ fún ẹni méjì ní ẹ̀dà rẹ̀: ọ̀kan nínú ẹ̀sìn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tẹ́ ẹ wọ̀.